Páìpù Tó Kẹ́yìn

Inú páìpù ni wọ́n ti pàdé. Páìpù kọ̀ǹkéré ni, ó tóbi débi pé ènìyàn lè nàró nínú rẹ̀. Òun ni yóò máa gbé omi lọ tu àwọn ẹ̀rọ lára ní ilé iṣẹ́ amúnáwá. Obìnrin tí ń yẹ páìpù wò gba apá kan wọlé pẹ̀lú òòlù kékeré lọ́wọ́. Ọkùnrin tó fi kọ̀ǹkéré mọ páìpù náà gba apá kejì wọlé.

"Ẹ rọra lù ú o, màdáàmù. Ọmọ mi ni."

"Bí ọmọ yín bá sán, màá dá a padà fún yín."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kún inú páìpù, ó sì wọ obìnrin náà lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin náà ti ń pè é ní Olóòlù, nítorí òòlù ọwọ́ rẹ̀.

Ọdún méjì kọjá. Ìfẹ́ wọn dàgbà nínú eruku símẹ́ńtì àti àárẹ̀. Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí ọ̀kan kì í sùn lórí àga nígbà tí èkejì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

"Olólùfẹ́ mi, ṣé ò ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́, Olóòlù mi," ni yóò wí, yóò sì tún máa hanrun.

Ìyá Olóòlù ló yarí. "Ọdún méjì gbáko, kò mọ ọ̀nà ilé wa! Kí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá lọ́sàn-án Sátidé yìí. Bí kò bá wá, kó má wá mọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni páìpù tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ jáde. Ọjọ́ méje ni wọ́n máa ń fi àpò tútù bo páìpù, kí kọ̀ǹkéré rẹ̀ lè gbó, kó sì le dáadáa. Ṣùgbọ́n nítorí Sátidé, ọkùnrin náà ká àpò kúrò lọ́jọ́ kẹrin.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Olóòlù lu páìpù náà. Ó dún gbọnrangandan bí agogo ìjọ. Bó ti fẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé ó dára báyìí, olólùfẹ́ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má fọwọ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo fi bò ó."

"Inú ilẹ̀ ni wọ́n máa sin ín sí. Ta ni yóò mọ̀?"

"Ọlọ́run mọ̀. Èmi náà mọ̀."

"Ọ̀la ńkọ́? Màámi ńkọ́?"

"Ó ti rẹ̀ mí, ìfẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé irọ́ wọ ilé yín."

Olóòlù sunkún, ó sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára páìpù náà. Ìyẹn ni pé kò yege, wọ́n á mọ òmíràn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀, bí a bá ti ń da kọ̀ǹkéré, a kì í dúró títí yóò fi parí.

Ọ̀sán Sátidé kọjá, àga méjì ṣófo. "Ṣé o rí i?" ni ìyá wí. Ni Olóòlù bá jókòó sílẹ̀, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ẹyọ kan pa mọ́. Ìyá gbọ́ ọ dé òpin. Kò sì kó àwọn àga náà kúrò.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà dé, símẹ́ńtì ní ìpéǹpéjú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí ìyá, ó bẹ̀bẹ̀, ó jókòó. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, oorun ti gbé e lọ.

Ojú ti ẹ̀gbọ́n, ó fẹ́ gbún un ní ìgúnpá.

"Ẹ má jí i," ni ìyá wí. "Ọ̀rọ̀ tó wá sọ, mo ti gbọ́ ọ." Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó sì fi bò ó títí dé ọrùn. "Ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méje, ká jọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Kí páìpù yẹn kọ́kọ́ gbó ná."