Olómi Oko Àlìkámà

Ọkùnrin kan dúró nínú omi tó mù ún dé orúnkún, ó fara ti ọkọ́ rẹ̀, oorun sì gbé e lọ lóòró. Obìnrin kan tó gbé àpò ajílẹ̀ náítírójìn lórí dúró, ó ń wò ó. Ó ti rẹ òun náà tẹnutẹnu.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé oorun lẹ fi ń bomi rin oko báyìí?"

Ọkùnrin náà lajú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má bínú. Oko méje ni mo ti ṣí omi fún láti àná. Tiyín ló kàn."

Olómi ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ló ń pín omi odò fáwọn àgbẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí àlìkámà obìnrin náà àti bàbá rẹ̀ ń gbẹ. Bó bá sì ti ń gbẹ ni bàbá ń da ajílẹ̀ sí i.

Olómi fọwọ́ kan ewé tí ṣóńṣó rẹ̀ ti jó. "Ajílẹ̀ yìí pọ̀ ju omi lọ. Bómi bá sì pọ̀ láìsí ajílẹ̀, yóò kàn pọ́n rúsúrúsú ni. Ẹ pín ajílẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì, kí n fún un lómi nígbà tó bá ń yọ ọmọ."

Láti ọjọ́ náà ni Olómi ti ń yà lọ́dọ̀ obìnrin náà, bí omi ò tilẹ̀ kàn wọ́n. Kò pẹ́ tí Olómi fi ń pè é ní "olólùfẹ́ mi", obìnrin náà sì ń pè é ní "ọlọ́kọ́ mi".

Bàbá gbọ́, ó fa ojú ro. "Ẹni tí kò ní ilẹ̀ kan, òun ni yóò kọ́ mi níṣẹ́ oko, tí yóò tún fẹ́ ọmọ mi?"

Obìnrin náà kò lágbára ìjà mọ́. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pín oko náà sí méjì. Ẹ ṣe tiyín bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é."

Ó ṣe tirẹ̀ bí Olómi ti wí. Bàbá da gbogbo ajílẹ̀ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní ẹsẹ̀ Olómi ò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ òun. Nígbà tí àlìkámà ń yọ ọmọ, ewé ti bàbá ń ká kò. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kan, bàbá bá Olómi nínú oko náà, tó ń la ipa omi wọ ibẹ̀.

"Ta ló ní kó o wá síbí?"

"Ẹ̀yin kọ́, bàbá. Mi ò kàn lè máa wò ó kó kú ni."

Bàbá wo omi tó ń wọ ilẹ̀ gbígbẹ. Kò lé e.

Nígbà ìkórè, àpò méjìlá ló ti apá ti ọmọ wá, méje péré ló ti apá ti bàbá.

"Bí kì í bá ṣe omi yẹn, koríko ni ǹ bá kó wálé," ni bàbá wí. Ó nu ojú, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Sọ fún un kó wá bá mi. Kó wá bí àna ti ń wá."

Ní ìrọ̀lẹ́, Olómi bá obìnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpò.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná."

Ó jókòó sórí àpò, ó sún fún Olómi kó jókòó, ó sì gbé orí lé èjìká rẹ̀.

"Mo ti gbà. Má tíì dìde."