Ẹni Tí Zacchaeus Dọ̀bálẹ̀ Fún ní Kòríà

Ọjọ́ tí ìròyìn dé pé Màmá Rachel ti kú, Sẹ̀gilọlá wà níwájú pátákó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ìṣirò. Òjò ti ń rọ̀ ní Ìkàrẹ́ láti òwúrọ̀. Ọlọ́kadà kan tó wá láti Ọ̀kà dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára ẹ̀wù òjò rẹ̀, kò wọlé, kò sì padà.

"Tíṣà, wọ́n ní kí n wá mú yín," ló wí. "Ìyá ọkọ yín ni. Wọ́n sùn, wọn ò jí."

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Sẹ̀gilọlá. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni pé, ta ni yóò sọ fún Zacchaeus?

Zacchaeus ni ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Rachel bí. Ó wà ní Kòríà, níbi tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú kan létí òkun ti gbà á fún sáà kan. Òun àti Sẹ̀gilọlá kò tíì ṣe ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò Ìwàrò ní Ọ̀kà ló ti ń pè é ní ìyàwó, nítorí kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í wá jókòó ti Màmá.

Bọ́ọ̀lù ló so wọ́n pọ̀. Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọmọ Ọ̀kà wá bá àwọn ọmọ Ìkàrẹ́ figẹ̀ wọngẹ̀ lórí pápá, Sẹ̀gilọlá ń kọjá lọ, ó gbé aṣọ akọrin rẹ̀ funfun lé apá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́ tán ni. Bọ́ọ̀lù já láti ẹsẹ̀ Zacchaeus, ó gba inú ẹrẹ̀, ó sì bà lé aṣọ náà gbàgà.

"Ẹ má bínú, arẹwà," ni ọmọkùnrin gíga náà sáré wá wí.

"Ṣé arẹwà ni yóò fọ̀ ọ́?"

"Rárá o. Èmi ni."

Ó gbé e lọ sí Ọ̀kà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí aago ìsìn tó lù, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú aṣọ náà. Áyọ́ọ̀nù ti jó o díẹ̀ ní ọrùn. Sẹ̀gilọlá wo ojú jíjó náà, ó wo ojú ọmọkùnrin náà tí ìtìjú bò, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Kò fi aṣọ akọrin mìíràn rọ́pò rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí Zacchaeus rìnrìn àjò, ohun tó fi sílẹ̀ ní Ọ̀kà kò ju ìyá rẹ̀ àti yàrá rẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí Màmá Rachel bá gúnyán tán, á bu ti Zacchaeus sínú abọ́ tánganran funfun kan tó ní etí búlúù, á dé e, á gbé e sí ipò tí ọmọ náà máa ń jókòó sí. Nírọ̀lẹ́, á gbé e fún ọmọ aládùúgbò.

"Màmá, kò sí nílé kẹ̀," ni Sẹ̀gilọlá wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó rí i.

"Mo mọ̀, ìyàwó mi. Ẹni tí kò sí nílé ni à ń bu oúnjẹ sílẹ̀ dè. Ẹni tó wà nílé á bu tirẹ̀ fúnra rẹ̀."

Ṣùgbọ́n owú ti wọ ọkàn Sẹ̀gilọlá kí Màmá tó kú. Minjí lorúkọ owú náà.

Ọmọbìnrin ògbufọ̀ ni Minjí. Òun ló ń sọ èdè Kòríà di Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn àjèjì inú ẹgbẹ́ náà, nítorí náà kò sí ibi tí Zacchaeus wà tí kì í sí. Bí kóòṣì bá ń sọ̀rọ̀, Minjí wà láàárín wọn. Bí àwọn oníròyìn bá dá Zacchaeus dúró lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, Minjí á gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nínú fídíò kan tí Sẹ̀gilọlá ń wò lórí fóònù, Zacchaeus sọ̀rọ̀ díẹ̀, Minjí sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó túmọ̀ rẹ̀. Sẹ̀gilọlá dá fídíò náà padà títí détà rẹ̀ fi tán. Kí ló sọ tó pa á lẹ́rìn-ín? Èwo ni Zacchaeus kọ́kọ́ rí nínú ẹ̀rín Minjí, eyín ni àbí ẹ̀rẹ̀kẹ́?

Bí ó ti jẹ́ pé ilẹ̀ máa ń ṣú lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ọ̀sán ò tíì pọ́n lọ́dọ̀ wa, àkókò ìsìn ni bọ́ọ̀lù ọjọ́ Ìsinmi máa ń bọ́ sí. Sẹ̀gilọlá á fi fóònù sí abẹ́ ìwé orin, á pa ohùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Zacchaeus gbá góòlù méjì wọlé, ó sáré lọ síbi tí kóòṣì wà, gbogbo wọn sì dì mọ́ ọn. Ọwọ́ Minjí wà lára àwọn ọwọ́ náà. Akọrin ń kọ "Halelúyà", Sẹ̀gilọlá kò lè la ẹnu.

"Orí ń fọ́ ọ ni?" ni bàbá rẹ̀, Ezekiel, tó jẹ́ olùkọ́ ìjọ, bi í lẹ́yìn ìsìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Ọkàn ló ń fọ́ ọ.

Nígbà tí ìyá Zacchaeus wá kú, Sẹ̀gilọlá náà ló sọ fún un. Sẹ̀gilọlá gbọ́ tí ó ń mí lórí fóònù bí ẹni tó sáré gba gbogbo pápá já. "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí?" ló béèrè níkẹyìn. "Èmi ni," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Kò dá wà."

Ẹgbẹ́ náà fún un láyè kó wá sílé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fún un kò tó lọ, kò tó bọ̀. Màmá sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé òkú òun sínú yìnyín nítorí pé wọ́n ń retí ọmọ. Zacchaeus bẹ Sẹ̀gilọlá kó fi àwòrán kan ránṣẹ́, èyí tó yà lábẹ́ igi máńgòrò, tí Màmá wé gèlè elésè àlùkò, tó ń dijú nítorí oòrùn. Ó fi í ránṣẹ́.

Lẹ́bàá sàréè, àlùfáà pe ọmọ olóògbé kó wá da yẹ̀pẹ̀. Kò sẹ́ni tó jáde. Àwọn ẹbí ń wo ara wọn. Nígbà náà ni Sẹ̀gilọlá bọ́ síwájú, ó bu yẹ̀pẹ̀ tútù, ó dà á sórí pósí.

Ìbílọlá, àbúrò Màmá, fọwọ́ bà á léjìká. "Ọmọ wa lo jẹ́ láti òní lọ," ló wí.

Inú Ezekiel kò dùn sí i. "Wọn ò tíì wá tọrọ rẹ," ló sọ nígbà tí wọ́n ń padà sí Ìkàrẹ́, "o ti ń sin òkú wọn."

Yẹ̀pẹ̀ náà kò tíì gbẹ dáadáa nígbà tí àwòrán kan dé. Mọ́júbọ́lá, tíṣà kíláàsì kẹta, ló rí i lórí Fesibúùkù Minjí, tí òun àti Sẹ̀gilọlá jọ máa ń yẹ̀ wò nígbà ìsinmi ọ̀sán.

"Sẹ̀gi, jókòó ná," ni Mọ́júbọ́lá wí.

Nínú àwòrán náà, Zacchaeus wọ kóòtù dúdú. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó forí kan ilẹ̀. Bàbá arúgbó kan àti ìyá arúgbó kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń wò ó. Minjí wà lẹ́yìn wọn nínú aṣọ ìbílẹ̀ wọn gígùn, ó sọ orí kọ́, ó ká ọwọ́ lé ara wọn bí ìyàwó tí ojú ń tì. Tábìlì kan yọ etí díẹ̀ níbi tí àwòrán parí sí, wọ́n to èso lé e gogoro, ẹja odindi sì wà níbẹ̀.

Kò sí ọmọ Àkókó tí yóò wo àwòrán yẹn tí kò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Èso rèé, ẹja rèé, àna rèé," ni Mọ́júbọ́lá ń kà á lórí ìka, "ọkọ ìyàwó rèé lórí ìdọ̀bálẹ̀. Kí ló kù? Alága ìjókòó nìkan ni mi ò rí."

Sẹ̀gilọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀yìn Zacchaeus tó tẹ̀ yẹn. Òun kò rí i kó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá òun bẹ́ẹ̀ rí, pẹ̀lú iwájú orí lórí ilẹ̀. Ta ni wọ́n, tí wọ́n fi gba ohun tí Zacchaeus kò tíì fún bàbá òun?

Nígbà tí Zacchaeus pè, ó pa fóònù. Ó tún pè, ó tún pa á. Zacchaeus gbohùn sílẹ̀: "Sẹ̀gi mi, olólùfẹ́ mi, kí ni mo ṣe?" Kò dá a lóhùn. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá béèrè, yóò dáhùn.

Àsìkò yẹn ni Rufus, tó fẹ́ fi Sẹ̀gilọlá ṣaya, ń wá sílé wọn. Òṣìṣẹ́ káńsù ni ní Òkè-Àgbè, ọmọlúàbí ni, ó ń kí àgbà, kò sì gbá bọ́ọ̀lù rí.

"Ohun tí mo fẹ́ràn lára Rufus," ni Ezekiel wí, "bí èèyàn bá ń wá a, Òkè-Àgbè ló máa lọ."

"Kí wọ́n máa bọ̀, Bàbá," ni Sẹ̀gilọlá dáhùn. Owú ló la ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n mú Sátidé tó ṣáájú Kérésìmesì kí àwọn ẹbí Rufus wá tọrọ rẹ̀.

Síbẹ̀, kò fi fóònù sílẹ̀ nílé nígbà ìsìn lọ́jọ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn sáà náà. Bí ẹgbẹ́ Zacchaeus bá borí, wọ́n á gòkè sí ìpele àkọ́kọ́. Ọ̀mì ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n fún wọn ní pẹ́náritì. Zacchaeus gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Sẹ̀gilọlá di ìwé orin mú. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù sì gba orí irin kọjá lọ.

Inú Sẹ̀gilọlá dùn. Lẹ́yìn náà ló rí i tó jókòó sórí koríko, tí kò lè dìde, tí Minjí gbé aṣọ ìnura lọ bá a. Ó jáde kúrò nínú ìsìn, ó lọ sunkún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀sẹ̀ tí àwọn ẹbí Rufus fẹ́ wá gan-an ni Zacchaeus dé. Ọyẹ́ ti mú. Ó wọ ilé Ezekiel nírọ̀lẹ́, ó ti rù, erùpẹ̀ pupa láti ibi sàréè ìyá rẹ̀ wà ní orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káalẹ́, Bàbá."

Kí Ezekiel tó dáhùn, Sẹ̀gilọlá ti yọ láti yàrá. "O ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa," ló wí. "Ta ló kù tí o kò tíì dọ̀bálẹ̀ fún?"

Zacchaeus gbójú sókè láti ilẹ̀. "Sẹ̀gi, mi ò gbọ́ ohun tí ò ń sọ."

"Kí Minjí túmọ̀ rẹ̀ fún ọ."

Ó na fóònù sí i. Zacchaeus dìde jókòó, ó wo àwòrán náà pẹ́. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. "Nítorí èyí lo ṣe fi mí sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀?" ló béèrè jẹ́ẹ́jẹ́.

"Yẹ̀pẹ̀ tí mo dà lé ìyá rẹ lórí ṣì tutù nígbà náà!"

Zacchaeus fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ó yọ ohun kan tó fi jẹ́sì rẹ̀ wé, ó tú u. Férémù ni. Màmá Rachel wà nínú rẹ̀, ó wé gèlè elésè àlùkò, ó ń dijú nítorí oòrùn. Wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù dúdú bo igun òkè rẹ̀ méjèèjì.

"Orí tábìlì yẹn ló wà," ló wí. "Ẹni tó ya àwòrán ló gé e kúrò. Ìyá Minjí, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí, ló ń se oúnjẹ fún wa ní ẹgbẹ́ wa. Ó rí i pé mi ò jẹun mọ́. Nígbà tí àjọ̀dún ìkórè wọn dé, tí oníkálukú ń rántí òbí rẹ̀ tó ti lọ, ó to tábìlì fún Màmá mi láàárín ilé tirẹ̀. Ó ní ọmọ tí kò sin ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi tó máa kí i. Minjí ló fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. Màmá mi ni mo dọ̀bálẹ̀ fún, Sẹ̀gi. Mi ò rí ẹlòmíràn níwájú mi."

Sẹ̀gilọlá gba férémù náà. Ó wo fóònù, ó sì rí i báyìí, lẹ́yìn èso tí wọ́n tò: ṣóńṣó ríbọ́ọ̀nù dúdú kan, tó ti wò ní ọ̀pọ̀ ìgbà láìrí i.

Ezekiel wúkọ́. "O forí balẹ̀ fún àwòrán, Zacchaeus?"

"Mi ò gbàdúrà sí i, Bàbá. Mo kí i ni. Ẹlòmíràn ló bá mi da yẹ̀pẹ̀."

Ezekiel yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí agbádá nù ún. "Sẹ̀gilọlá," ló wí níkẹyìn, "ta ni yóò lọ sọ fún àwọn ará Òkè-Àgbè?"

"Èmi fúnra mi ni, Bàbá. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Màá bẹ̀ wọ́n."

Nígbà tí ó sin Zacchaeus dé ẹnu ọ̀nà, ó di apá rẹ̀ mú. "Dárí jì mí. Ó yẹ kí n béèrè. Owú ò jẹ́ kí n béèrè."

"Mo gbá pẹ́náritì yẹn pẹ̀lú ohùn rẹ tí mi ò gbọ́," ni Zacchaeus wí. "Èmi náà, ó yẹ kí n ti sọ fún ọ nípa tábìlì yẹn. Ojú ló ń tì mí pé àjèjì ló bá mi ṣọ̀fọ̀ ìyá mi."

Sẹ̀gilọlá jọ̀wọ́ apá rẹ̀. "Ṣé Minjí máa wá síbi ìgbéyàwó wa?"

"Bí o bá fẹ́, olólùfẹ́ mi."

"Kó wá. Ṣùgbọ́n kó jókòó lẹ́yìn."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Sẹ̀gilọlá wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ìbílọlá ti ṣí ilé ìdáná Màmá sílẹ̀. Sẹ̀gilọlá fọ odó, ó se iṣu, Zacchaeus sì bá a gún un. Ó bu ti bàbá rẹ̀, ó bu ti Ìbílọlá, ó bu ti Zacchaeus sínú abọ́ àlejò, ó bu tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sókè pẹpẹ, ó gbé abọ́ tánganran funfun tó ní etí búlúù sọ̀ kalẹ̀, ó nù ún. Ó bu iyán sí i, ó fi omi ra orí rẹ̀ kó máa dán, ó bu ọbẹ̀ tì í. Ó dé e, ó sì gbé e lọ síbi àga Màmá Rachel.