Ọkùnrin Tí Sáńpépà Gé Ìka Rẹ̀

Ọkùnrin tó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò ní ìka tó tẹ̀lé ọmọńdinrín lọ́wọ́ òsì. Ohun tí Bàbá Onígìtá kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ nìyẹn, àyà rẹ̀ sì já, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló gé ìka náà kúrò ní oṣù méjì sẹ́yìn. Sáńpépà ló fi gé e.

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Iṣẹ́ Bàbá Onígìtá ni kó máa tún gìtá àtijọ́ ṣe fún àwọn tó ń kó wọn jọ. Bí pákó bá sán, á lẹ̀ ẹ́. Bí ọrùn gìtá bá tẹ̀, á nà án. Iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nìyẹn. Èyí tẹ́nikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ó máa ń ra gìtá tí kò níláárí, á sì sọ ọ́ di ògbólógbòó. Á se tíì dúdú, á fi pa pákó. Á fi pọ́líìṣì bàtà dí gbogbo ojú ìlà ara rẹ̀. Á mú ṣéènì, á fi na ẹ̀yìn gìtá bí ẹni ń na ọmọ aláìgbọràn. Á fi sáńpépà họ ibi tí apá olórin máa ń fara lé, títí fáníìṣì á fi ṣí. Nígbà tó bá ṣe tán, ẹ óò búra pé gìtá náà ti lo ọgọ́ta ọdún láyé. Ẹ̀rín ló sì máa ń rín bó ṣe ń ṣe é. Owó rẹ̀ dára, àmọ́ ohun tó dùn mọ́ ọn jù ni kí ẹni tó pera rẹ̀ ní ọ̀mọ̀ràn gbé ọwọ́ lé irọ́ òun, kó mí kanlẹ̀, kó ní, "Háà, ohun gidi rèé!"

Ti oṣù méjì sẹ́yìn ló wá ré kọjá. Ó fẹ́ kí gìtá náà ní ẹni tó ni ín rí. Nítorí náà, ó họ ibi tí ìka mẹ́ta máa ń tẹ okùn mọ́lẹ̀, ó fi ojú ibi ìka kan sílẹ̀ ní dídán, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè sọ pé ìka ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ kò pé. Ó wá kọ lẹ́tà sínú àpótí rẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọwọ́ òun máa gbọ̀n: "Mò ń rìnrìn àjò. Mo fi gìtá mi sílẹ̀, mo sì fi ọmọ mi kan ṣoṣo sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá padà dé, a jọ ń lọ ni." Lẹ́tà nìkan kò tó o. Ó mú fọ́tò ọmọ tirẹ̀ gan-an, èyí tó yà nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún méje, ó rì í sínú tíì, ó sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ọmọ ayé àtijọ́ ló rí nígbà tó gbẹ. Dókítà Eyín, tó ti fẹ̀yìn tì, tí gìtá àtijọ́ kún ilé rẹ̀ dé òrùlé, ló ra gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹni tí kò sí láyé rí ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," ni àlejò náà wí jẹ́jẹ́. Gbogbo orí rẹ̀ ló funfun, síbẹ̀ ó tẹrí ba bí ọmọdé.

"Baba, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ ń kí mi bíi pé èmi ni mo bí yín."

"Ẹ ti sún mọ́ ọn," ni àlejò náà dáhùn. Ó jókòó.

Òórùn kan bá a wọlé. Òórùn tíì tó jóná díẹ̀ ni, àti pọ́líìṣì bàtà. Awọ ọwọ́ rẹ̀ dúdú ju ara rẹ̀ yòókù lọ ní àárín àwọn oríkèé. Ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀ kún fún ojú ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n fi nǹkan onírin nà án. Ní ti ojú rẹ̀, Bàbá Onígìtá ń wò ó o, àmọ́ tó bá ti gbé ojú kúrò báyìí, kò ní lè sọ bí imú rẹ̀ ṣe rí.

"Gìtá mi ńkọ́?" ni àlejò náà béèrè.

"Gìtá wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kí n yarọ fún tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rò ó pé kí ẹsẹ̀ mi kan kúrú. Ebi wá ń pa yín, ẹ ní ìka kan náà ti tó."

Bàbá Onígìtá gbé sáńpépà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá lọ́jọ́ náà. Àbí ó ń dá sọ̀rọ̀ ni? Ọmọ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bá pákó tàkúrọ̀sọ.

"Mo ti tà á," ló wí.

"Kò burú. Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ẹ kò lọ́mọ, Baba."

"Bóyá. Èmi ò mọ̀." Ohùn àlejò náà rẹlẹ̀ débi pé èèyàn ní láti na etí. "Ohun tẹ́ ẹ bá sọ pé mo jẹ́ ni mò ń jẹ́. Ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ìwé kò lẹ́nu. Ó kù kẹ́ ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ níṣojú ẹni kan. Tẹ́ ẹ bá ní n kò ní, màá dìde, màá máa lọ."

Nígbà yẹn ni Dókítà Eyín wọlé, ó gbé àpótí gìtá náà dání, ó le ojú koko.

"Ẹ̀yin ni mò ń bọ̀ wá bá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní fọ́tò inú àpótí yìí kò gbó tó bẹ́ẹ̀. Ó ní irú ìwé fọ́tò yìí kò tíì sí láyé ìgbà náà. Tó bá jẹ́ irọ́ lẹ pa fún mi, n kò ní pariwo o. Gbogbo ẹgbẹ́ wa ni màá kàn sọ fún. Kò sẹ́ni táá tún gbé gìtá fún yín mọ́."

Ó rí àlejò náà. Ó rí ọwọ́ òsì rẹ̀.

Ó ṣí àpótí náà, ó na gìtá sí i. Àlejò gbà á, ó gbé e lé itan. Apá rẹ̀ bọ́ sí ibi tí fáníìṣì ti ṣí. Ìka mẹ́ta jókòó síbi tí wọ́n ti họ, èyí tó dán kò sì rí ìka kankan. Ó bá a mu bí ẹsẹ̀ àti bàtà rẹ̀. Omi lé ròrò lójú Dókítà.

"Ta ni bàbá yìí?" ló béèrè.

Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n Bàbá Onígìtá ti pa á. Ó ti fi gbogbo ayé ṣe ẹ̀fẹ̀ pẹ́ débi pé ibi gbogbo ló ti ń rí ẹ̀fẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé Dókítà ló lọ wá arúgbó aláìpéka kan, pé wọ́n jọ fẹ́ dẹ́rù ba òun kóun lè jẹ́wọ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú mi yìí, ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀! Síbẹ̀, ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn kì í ṣe ti àròsọ. Ọmọ ọwọ́ ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá ló pọ̀n ọ́n, bàbá ló dirun fún un, títí ó fi lé lógún ọdún, tó di télọ̀ tó ń rán aṣọ fún ará àdúgbò. Kò ní ẹlòmíràn láyé.

"Ẹni tó ni gìtá náà rèé," ló wí.

Dókítà gbé fọ́tò náà sókè. "Ọmọ yìí ńkọ́? Ọmọ ta ni?"

Àlejò náà kò mira. Ó ń wo ẹnu Bàbá Onígìtá bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bu omi fún.

"Ọmọ wọn ni."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ọmọ bíbí inú wọn ni, sà. Èmi ni mo jẹ́rìí."

Òórùn tíì náà pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Àlejò náà mí, bíi pé kò mí rí. Bàbá Onígìtá wo ojú rẹ̀, ó sì rí i kedere fún ìgbà àkọ́kọ́: imú tó gùn, etí tó fẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jin. Ojú ọmọ òun ni.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Ọmọ náà wọlé látibi iṣẹ́, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyáà mi," ni Bàbá Onígìtá pè é, bó ṣe máa ń pè é.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ fún un. "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ó wá yíjú sí àlejò. "Bàámi, ẹ tún ti jókòó ọ̀rọ̀! Mo ti ń wá yín láti àárọ̀. Ṣé ẹ ti rí gìtá yín gbà? Ó yá, ẹ dìde."

"Èmi ni bàbá rẹ!" ni Bàbá Onígìtá pariwo.

Ọmọ náà sún mọ́ àlejò náà díẹ̀. "Bàámi, kí ló ṣe wọ́n?" ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ó rẹ̀ wọ́n ni, ọmọ mi. Iṣẹ́ wọn pọ̀."

"Dókítà, irọ́ ni mo pa! Ọmọ mi ni! Èmi ni mo rì í sínú tíì!"

Dókítà ti fi gìtá náà lé àlejò lọ́wọ́ pátápátá, ó ní kí ohun oníǹkan máa bá oníǹkan lọ. Ó di ejìká Bàbá Onígìtá mú jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń di ẹni tí eyín ń dùn mú. "Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́rìí tán."

Wọ́n ti dé ìta. Ó gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ lójú títì, ó sáré tẹ̀lé e, àmọ́ títì náà gbọọrọ, oòrùn sì mọ́ sí i rekete, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ó padà wọlé, ó lọ tààrà sí yàrá ọmọ náà láti kó ẹ̀rí jáde: bàtà, ìwé ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ṣí ìlẹ̀kùn. Pákó ló kún ibẹ̀, wọ́n tò ó láti ilẹ̀ dé àjà, eruku bò ó.

Ó dúró. Kò sẹ́ni tó mọ eruku tó o. Ó ti lọ èédú, ó ti po eérú mọ́ ìyẹ̀fun pákó, ó ti fẹ́ ẹ sára gìtá tó tó ogójì. Ó fi ìka kan pákó òkè, ó gbé e dé imú, ó tọ́ ọ wò.

Kì í ṣe ayédèrú. Eruku gidi ni, ogún ọdún ó lé díẹ̀, ọwọ́ kankan kò sì kàn án rí.