Òkúta Etí Ìró

Òkúta tí Abigail so mọ́ etí ìró rẹ̀ kọ̀, kò tutù. Ó gbé e sínú omi fìríìjì, omi ló lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ náà sú u, bí gbogbo nǹkan ṣe ń sú u látìgbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti ti Ọ̀yọ́ dé sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá dúró de ìbímọ rẹ̀.

Màmá ò jẹ́ kó sinmi. Aboyún kì í jáde lọ́sàn-án gangan, aboyún kì í jáde lálẹ́, àfi tó bá so òkúta mọ́ ìró, kí ẹ̀mí tó ń wá ilé má baà lé ọmọ inú rẹ̀ jáde, kó gba ibẹ̀. Abigail, ọmọ díákónì, tó ń ta abọ́ àti ike ní Ọjà Igbó, á ní Jésù tó òun ṣọ́. Màmá á ní òun ò bá Jésù jà, kó ṣáà so òkúta. Bó bá fẹjọ́ sun Olúwaṣògo, ọkọ rẹ̀, lórí fóònù, tọ̀hún á kàn máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ inú pàápàá ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, kò ṣe bí ẹni tó fẹ́ wáyé. Ẹ wo wàhálà.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú ni, ó ń ká aṣọ tó sá sẹ́yìnkùlé, nígbà tí ojú ọ̀run là. Iná ńlá kan ń bọ̀ láti apá Ọ̀yọ́, ó funfun, ó ń wọ́ ìrù, kò sì pariwo. Ẹ̀yìnkùlé mọ́lẹ̀ kedere bí ọ̀sán gangan. Òjìji igi máńgòrò sáré yí ilé po. Nǹkan já lulẹ̀ pọ̀ọ́ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ sì tún ṣú.

Ọ̀sán àti òru ti bá a níta lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo agídí Abigail wọmi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ wálẹ̀, òkúta àkọ́kọ́ tó bà ló so mọ́ ìró. Ìgbà tó wọlé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó ń gbóná, ló bá ki í bọ omi.

Màmá bi í níbo ló ti he é. Nígbà tó gbọ́, kò bá a jà.

"So ó padà," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Má jù ú nù."

Abigail so ó padà, ó bi í, bi í, kò sọ ìdí. Inú bí i débi pé ó sunkún. Ẹni tó ń fojoojúmọ́ rojọ́ wá yadi lọ́jọ́ tí wọ́n nílò ẹnu rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ. Ọmọ ń tàpá nínú ikùn dáadáa, ó tiẹ̀ ń tàpá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù kò gbọ́ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì gbé e síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún, ó pààrọ̀ bátìrì. Abigail jágbe mọ́ ọn pé ẹ̀rọ yẹn ló bàjẹ́, àbí kò rí i pé ọmọ ń tàpá ni?

Màmá dìde. Ó tú etí ìró ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó gbé òkúta náà sórí tábìlì, ó ní kí nọ́ọ̀sì dákun gbé ẹ̀rọ lé e. Nọ́ọ̀sì wo ojú àgbà, ó gbé e lé e.

Gìdì-gìdì-gìdì. Ìró ọkàn kún inú yàrá, ó yá, ó já gaara, bí ti ọmọ tí ara rẹ̀ le.

Abigail gbé òkúta náà mọ́ àyà. Nǹkan tó wà nínú ikùn rẹ̀ tún yí, ó rọra, bí àlejò tó ń tẹ́ ẹní.

"Màmá," ló wí, ó fọwọ́ lé ikùn, "ta ló wá wà níbí?"