Ìdí Tí Abíọ́nà Fi Ń Jẹ́ Abíọ́nà

Inú yàrá la bí ọmọ ọmọ mi yìí sí, lórí bẹ́ẹ̀dì, síbẹ̀ Abíọ́nà là ń pè é. Àwọn ará Ìdèrè a máa bi mí pé ṣebí ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ní òótọ́ ni, ojú ọ̀nà náà la bí i sí.

Àkíbù ọmọ mi ló fà á. Nígbà tó fẹ́ kọ́lé, orí ọ̀nà oko àtijọ́ ló kọ́ ọ sí, ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà ti oko bọ̀. Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́ pé kó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, pé a kì í kọ́lé dí ọ̀nà. Kò gbọ́, kò gbà. Ó ní ọ̀kadà ni gbogbo ayé ń gùn lọ sóko báyìí, ta ló tún ń fẹsẹ̀ rìn? Olóríkunkun ni, èmi náà ni mo sì bí i.

Láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọlé, tí a bá ti kí ìrun Àsárì tán, eruku á bo ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn, òórùn iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á gba ibẹ̀ kan. Aliyyah ìyàwó rẹ̀ á gbá a, eruku náà á tún padà. Nígbà tó sú Àkíbù, ó fi pákó kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa. Lẹ́yìn ìyẹn ni Aliyyah bí ọmọ méjì nínú yàrá náà, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Kò sí èyí tó ké nínú wọn. Mo sunkún débi pé omi ojú mi gbẹ.

Nígbà tí ìrọbí ìkẹta mú un, Àkíbù sáré lọ wá ọ̀kadà, ó ku èmi nìkan lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ru ẹrù. Wọ́n dé ìdí pákó náà, wọ́n dúró. Aliyyah di ọwọ́ mi mú.

“Ìyá, wọ́n fẹ́ kọjá,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ẹ̀rù bà mí gan-an, ṣùgbọ́n ikú ọmọ ti sú mi. Mo fi àdá já pákó náà, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú pẹ̀lú.

“Ẹ kú ìrìn o,” mo ní. “Ọ̀nà yín rèé. Ẹ fi ọmọ tiwa sílẹ̀ fún wa.”

N kò rí ẹnì kankan. Atẹ́gùn tútù kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, èjìká ń kan èjìká mi. Ẹni tó kẹ́yìn dúró díẹ̀. Ohùn ìyá arúgbó kan ló sọ pé, “Ẹ kú ewu ọmọ.”

Ọmọ ò tíì wáyé nígbà yẹn o. Kí n tó lanu dáhùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì figbe ta, tí Àkíbù fi gbọ́ ọ láti ojú títì.

Àlùfáà sọ ọ́ ní Hàbíbàt lọ́jọ́ kẹjọ. Èmi sọ ọ́ ní Abíọ́nà, Àkíbù olóríkunkun kò sì jiyàn. Ọmọ náà ti wọ sẹ́kọ́ńdírì báyìí, ó lè sáré ju àwọn ọkùnrin kíláàsì rẹ̀ lọ. Bí mo bá ń wò ó, inú mi a máa dùn bíi kí n jó.

Lánàá, èmi àti Abíọ́nà jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí a kì í tì mọ́. Eruku dé. Ó ká ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà, ó ní, “Ẹ kú ìrìn.” Wọ́n dáhùn bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn. Lẹ́yìn náà, ohùn ọmọdé méjì jáde láàárín wọn.

“Ẹ kú ilé, Ìyá Àgbà.”

Ọmọ kan ṣoṣo ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ nílé yìí. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí, ẹnu rẹ̀ sì pa dé.

Mo dìde fún wọn. “Ẹ kú ìrìn,” mo ní, “ẹ̀yin ọmọ mi.”