Ìránṣẹ́ Tí Kì í Ṣàṣìṣe

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ẹ̀rọ kan sọ fún Ìyá Akínlàbí pé ọmọ rẹ̀ ti kú lórí òṣùpá. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìyá nìkan ló wà nílé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Nígbà náà, agbára káká ni wàá fi rí ilé kan ní Ìdó-Ayùn tí kò ní ọmọ lórí òṣùpá, níbi tí wọ́n ti ń wa yìnyín. Ilé-iṣẹ́ Ìbídùn ló ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ wá sílé. Agbọ́hùn wà lẹ́yìn etí òbí kọ̀ọ̀kan, ohun kékeré bí hóró àgbàdo, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé. Bàbá Ọládòkun, ẹ̀gbọ́n bàbá Ìbídùn, ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun ló sì máa ń jókòó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Nígbà tó yá, etí Bàbá di, iṣẹ́ sì ga bí òkìtì. Ìbídùn ní àfi kí àwọn gba amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìlára, ìyẹn ẹ̀rọ tó ní ọgbọ́n àti ohùn ṣùgbọ́n tí kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀.

Méjì ló wá fún ìdánwò. Ọ̀kan ti lo ọdún méjìlélógún ní ibùdó ọkọ̀ sánmà, ó ń kéde ọkọ̀ tó dé àti èyí tó pẹ́. Iṣẹ́ kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Èkejì kò ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Wọ́n ní kó jẹ́ iṣẹ́ kan wò, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ ẹni tí òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín, ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀ kí eléyìí tó jíṣẹ́ tán.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Ìbídùn, má wo iye ọdún. Bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni wọ́n ti bá lò rí. Ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ láti ogún ọdún, ṣé ìyẹn ló máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọnmọ?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Òkìtì tó wà nílẹ̀ yìí kò fẹ́ onípẹ̀lẹ́."

Bó ṣe gba èyí tó ti lo ọdún méjìlélógún síṣẹ́ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, òkìtì ti tán.

A kì í jẹ́ kí ìyá kọ́kọ́ gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí là ń sọ fún. Wọ́n á kó ara wọn lọ sílé rẹ̀, wọ́n á ní ara ọmọ náà kò yá, obìnrin méjì á ti jókòó tì í kí wọ́n tó sọ èyí tó kù. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún ẹ̀rọ náà, nítorí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ìdó-Ayùn. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbẹ́ atẹ ẹ̀wà ni aládùúgbò ti bá Ìyá Akínlàbí tó ti dákú. Ọkàn rẹ̀ kò lágbára tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ.

Ìbídùn bi ẹ̀rọ náà léèrè ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ náà ni mo jẹ́ ẹ fún," ó ní. "Ṣé ọ̀rọ̀ kan sọnù nínú rẹ̀ ni?"

Ìbídùn yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkankan kò sọnù.

Ó ń retí kí Bàbá bú òun. Bàbá kò bú u, ó kàn wọ bàtà, ó lọ bá wọn gbẹ́ sàréè ìyá náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn òbí ń yọ agbọ́hùn kúrò létí, wọ́n ń dà á sẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Àwọn ọmọ ń pè láti òkè, kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Ìbídùn dá ẹ̀rọ náà dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jíṣẹ́.

Èyí tó kọ́kọ́ gbé jáde, ayọ̀ ni: Dúródọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ ní láyé, ti bí ọmọbìnrin lórí òṣùpá. Ìbídùn ti ń rẹ́rìn-ín láti ìta. Ìyá Dúródọlá ń sá aṣọ. Ó gbójú sókè, ó rí i ní géètì, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi aṣọ, ó figbe ta. Ìbídùn sáré kúnlẹ̀ tì í, ó ń wí pé ire ni, ire ni òun gbé wá. Igbe ìyá náà ti bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ará ilé kejì sì ti ń sáré bọ̀ láti wá dì í mú.