Eku Méjìdínláàádọ́ta

Ìròyìn pé wọ́n ti ti yunifásítì pa dé Ugbuwangue, àdúgbò etí odò ní Warri, ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́bọ̀ ni Ìkúnayọ̀ ti jáde nílé. Nígbà tí ẹni tí wọ́n rán fi máa kan ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀, àwọn sójà ti dí ojú ọ̀nà, wọ́n ti kéde kónílé-ó-gbélé ní gbogbo Warri, ọmọbìnrin náà sì ti wà nínú láàbù láti àná, òun àti ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí.

Ẹ̀yìn ṣòkòtò ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ rí. Ó wà lórí eékún, ó ti orí bọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń bẹ̀bẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Mi ò ní fọwọ́ kàn yín mọ́.”

Hàmídù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dúró tì í pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. “Oga, na rat you dey beg so?”

Ìkúnayọ̀ gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kò pẹ́ tí eku funfun kan fi rìn jáde, tó gun àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tó sì jókòó bí ẹni tó délé.

Ọkùnrin náà gbé orí sókè. Orí náà gbá kọ́bọ́ọ̀dù gbàà. Òwú aláǹtakùn wà nínú irun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ níbi tí eku ti gé e jẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tutù bí ojú ẹni tó ń gbọ́ orin láti ilé kejì.

“Adéfọláhàn ni mò ń jẹ́,” ó ní. “Èmi ni wọ́n rán wá láti Ìbàdàn fún ìwádìí.”

“Bùrọ̀dá, ẹ kú oríire,” Ìkúnayọ̀ dá a lóhùn. “Eku yìí, abo ni. Ẹ má pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́.”

Oṣù kẹfà ọdún 1999 ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni kò lè jáde nínú ọgbà náà. Gààrì àti ẹ̀pà Hàmídù ni wọ́n jẹ. Ìkúnayọ̀ kọ́ àlejò náà bí a ṣe ń gbé eku láìdẹ́rù bà á, òun náà sì ń pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí ọ̀nà, “Bùrọ̀dá” ti di “Ìjẹ̀bú,” torí pé ọmọ ibẹ̀ ni, “ẹ” ti di “o,” Ìkúnayọ̀ sì ti di “Ayọ̀.”

Ọpọlọ ni wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Obadiah, ọ̀gá wọn, fẹ́ mọ̀ bóyá omi odò tí epo rọ̀bì ti dà sí máa ń ba ìrántí jẹ́. Eku méjìdínláàádọ́ta ló wà. Ìdajì ń mu omi kànga. Ìdajì ń mu omi odò tí wọ́n pọn ní ẹ̀yìn ilé bàbá Ìkúnayọ̀, níbi tí àwọn ará Ìlàjẹ, àwọn èèyàn rẹ̀ tó ń pẹja, ti ń mu láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé eku kọ̀ọ̀kan sínú àpótí ńlá tí wọ́n fi pátákó là sí ọ̀nà tóóró tóóró, wọ́n á sì wo bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó rántí ibi tí oúnjẹ wà.

Ìkúnayọ̀ ló ń fún wọn lómi, nítorí náà ó mọ èyí tó ń mu omi odò. Adéfọláhàn ló ń ka àkókò, kò sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ẹni tó ń tẹ aago bá mọ̀, ìka rẹ̀ lè yá tàbí kó pẹ́ láìjẹ́ pé ó fẹ́ ṣèrú, iṣẹ́ náà á sì bàjẹ́. Pẹ̀lú gbogbo ohun tó kọ́ Adéfọláhàn, ọwọ́ Ìkúnayọ̀ nìkan ni àwọn eku gbà, nítorí náà kò lè ṣe kó má wà nínú yàrá. Òfin Ọ̀jọ̀gbọ́n ni pé bó bá ti gbé eku sínú àpótí, kó kọjú sí ògiri, kí ojú rẹ̀ má baà sọ̀rọ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe fẹ́ràn ara wọn, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Ìkúnayọ̀ mọ èémí rẹ̀, ó mọ bó ṣe máa ń tẹ ahọ́n mọ́ eyín kó tó tẹ aago.

“Ayọ̀, ògiri yẹn mà ń gbádùn o.”

“Ka àkókò ẹ, Ìjẹ̀bú.”

“Mo ti kà á. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ.”

“Eku yẹn?”

“Rárá, ìwọ.”

Ó rẹ́rìn-ín sí ògiri títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, Adéfọláhàn mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Màmá Mosúnmọ́lá, tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Jakpa Road nínú Warri níbẹ̀, tó ń ta ọ̀dà, ìṣó, àti oògùn kòkòrò. Ìkúnayọ̀ kúnlẹ̀ dáadáa.

“Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?”

“Mò ń tọ́jú eku, mà.”

Obìnrin náà wo pẹpẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. “Májèlé eku ni èmi ń tà.” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Fọláhàn, ẹni tó dàgbà sórí omi, àti ẹni tó dàgbà sórí títì, ibo lẹ fẹ́ kọ́ ilé yín sí? Inú ẹrọ̀fọ̀?”

“Màmá!”

“Mo kàn ń béèrè ni. Lọ parí iṣẹ́ ẹ. Ìbàdàn ò ní dúró dè ọ́.”

Òótọ́ ló sọ. Àyè iṣẹ́ kan máa ṣí sílẹ̀ fún Adéfọláhàn ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá. Bí èsì ìwádìí bá pé, á gba iṣẹ́ náà, á ní ilé, á sì gbé Ìkúnayọ̀ níyàwó lọ síbẹ̀. Bí kò bá pé, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n parí. Ìkúnayọ̀ gbé eku kọkàndínlógún sínú àpótí, ó kọjú sí ògiri. Ó gbọ́ èékánná eku náà tó ń lọ, tó ń bọ̀, tó tún ń lọ.

“Ìṣẹ́jú mẹ́ta,” Adéfọláhàn wí. “Kò rí i. Igun kan náà ló ń yí po.”

Ìkúnayọ̀ rántí ìyá rẹ̀ tó dúró sí ẹ̀bá odò lọ́dún tó kọjá, tí kò mọ èwo nínú àwọn ọkọ̀ ni tiwọn. Kó tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Omi wa ló ṣe é.”

Ó gbọ́ tí aago kan tábìlì.

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan,” Adéfọláhàn wí jẹ́jẹ́.

“O gbọ́.”

“Ayọ̀, mo ní mi ò gbọ́. Àwa méjì péré ló wà níbí. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù.”

Ìkúnayọ̀ yíjú padà sí i. “Àwọn ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì á bi wá léèrè bí a ṣe kà á. Wọ́n á ní ọmọ olómi kan ló sọ ọ́ sétí ọkọ rẹ̀. Kí la máa wí?”

“A ò ní wí nǹkan kan. Olólùfẹ́ mi, nítorí tàwa méjèèjì ni.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìkúnayọ̀ lọ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. “My pikin,” ó ní, “you for no talk am, I for no know.” Lẹ́yìn náà, ó fi bírò pupa fa ìlà gba orí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.

Adéfọláhàn di ẹrù rẹ̀. “O yan eku lé mi,” ó wí lẹ́nu ọ̀nà. Ìkúnayọ̀ fọ gbogbo ike omi eku lọ́jọ́ náà, àní àwọn tó ti mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ìbọn tún dún ní etí omi. Bàbá rẹ̀ kó gbogbo ilé sínú ọkọ̀, wọ́n gba ọ̀nà odò padà sí ilẹ̀ Ìlàjẹ ní etíkun Oǹdó. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Akínsànmí fi ọkọ̀ kan padà wá sí etí omi, ó sì wá mú un ní láàbù.

“Bàbá ní o ti ṣe tó. Kí ló tún kù fún ọ níbí?”

Ìkúnayọ̀ ń ṣa aṣọ rẹ̀ sínú àpò nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan yà wọlé, tí eruku bò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún àgò eku. Adéfọláhàn bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú, ọwọ́ rẹ̀ sì ní ojú eyín púpọ̀.

“Méjìdínláàádọ́ta,” ó ní. “Àwọn sójà dá wa dúró lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọ̀kan ní, ‘Una wan do party?’”

Ìkúnayọ̀ kò rẹ́rìn-ín. “Iṣẹ́ Ìbàdàn ńkọ́?”

“Mo sọ ohun tó ba ìwádìí jẹ́ fún wọn. Mo sọ pé èmi fẹ́ fi pamọ́, ẹnì kan ni kò gbà. Wọ́n ti gba ẹlòmíì. Àgbàlagbà kan níbẹ̀ ló fi àwọn eku yìí ta mí lọ́rẹ.” Ó gbé àgò kan kalẹ̀. “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn kò dára. Mo ń bẹ̀ ẹ́. Màá bá Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí o bá wà níbí tàbí bí o kò bá sí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o wà.”

“Ìkúnayọ̀,” Akínsànmí ké láti ẹnu ọ̀nà, “omi ń fà o. Ọkọ̀ ò lè dúró.”

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo àpò tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó gbé àpò náà kalẹ̀, ó sì rìn lọ bá Adéfọláhàn títí kò fi sí àyè láàárín wọn mọ́.

“Mo fẹ́ ẹ, Fọláhàn,” ó wí. “Mi ò bá ọkọ̀ yìí lọ. Warri ni mo máa gbé, iṣẹ́ yìí ni mo máa ṣe parí, ìwọ ni mo sì máa fẹ́ lọ́kọ. Lọ sọ fún ìyá ẹ.”